Ìṣẹ́jú Mẹ́sàn-án Lórí Wáyà Àkúrẹ́

Àwọn ọmọ mi fẹ́ràn kí n máa sọ ìtàn àwọn gbajúmọ̀ tí mo bá pàdé nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ tẹlifóònù l'Ádó. Bí àlejò bá wá sílé, wọn á ní, "Mọ́mì, ẹ sọ ti olórin yẹn fún wọn." Màá sọ ọ́, wọn á rẹ́rìn-ín, àlejò á mú mínírà rẹ̀ tán, á máa lọ. Ó ti sú mi. Ọ̀pọ̀ àwọn gbajúmọ̀ wọ̀nyẹn ò rí mi, èmi náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ rí wọn. Etí ni mo fi mọ̀ wọ́n, etí ọ̀tún ní pàtàkì, èyí tó máa ń ro mí títí dòní bí ọyẹ́ bá ti dé.

Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, tí Àkúrẹ́ di olú-ìlú, tí ohun gbogbo sì di kó kọ́kọ́ gba Àkúrẹ́ kọjá. Yàrá tí a ti ń ṣiṣẹ́ gbóná, fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, pátákó ńlá kan sì dúró níwájú wa tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ ihò bí afárá oyin. Okùn la máa ń kì bọ inú ihò wọ̀nyí láti so ẹnì kan mọ́ ẹnì kejì. Wáyà tó ń lọ láti Adó sí Àkúrẹ́ pọ̀ lórí ìwé, ṣùgbọ́n èyí tó ń ṣiṣẹ́ kì í ju ẹyọ kan lọ, lọ́jọ́ tí Ọlọ́run bá ṣàánú wa. Ẹni tó bá fẹ́ pe Ìbàdàn tàbí Èkó á wá síwájú kántà, á fún wa ní nọ́ńbà, a ó kọ ọ́ sínú ìwé, á lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ó lè jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bó bá kàn án, a ó ní kó wọ inú àgọ́ kékeré onígíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kó gbé tẹlifóònù.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní bí ẹlòmíràn bá ń dúró. Aago wà lára ògiri. Bó bá ti pé, èmi ni n ó wọ inú ọ̀rọ̀ wọn, n ó ní àkókò ti tó, n ó sì yọ okùn. Ọwọ́ mi yá sí i ju ti àwọn yòókù lọ, mo sì ń fi yangàn. Mo ti yọ okùn mọ́ pásítọ̀ lẹ́nu kó tó ṣe àmín. Mo ti yọ ọ́ mọ́ ìjòyè kan lẹ́nu níbi tó ti ń bú àbúrò rẹ̀, mo sì gbà pé oore ni mo ṣe fún àbúrò náà. Bí èèyàn bá bínú, màá nawọ́ sí bẹ́ńṣì, màá ní kó bá àwọn tó jókòó síbẹ̀ sọ ọ́.

Olórin tí àwọn ọmọ mi fẹ́ràn yìí, mọ́tò rẹ̀ ló kú sójú ọ̀nà Ìkéré. Ó fi ẹsẹ̀ wọ̀lú pẹ̀lú dígí dúdú lójú, àdúgbò bíi méjì sì tẹ̀ lé e wọ ọ́fíìsì wa. Èkó ló fẹ́ pè. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ńlá ló fẹ́ sọ. Ó ń béèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ bóyá wọ́n ti fún ajá lóúnjẹ ni. Ìṣẹ́jú mẹ́ta pé, mo yọ ọ́. Ó jáde wá láti inú àgọ́, ó bọ́ dígí rẹ̀, ó sì wò mí. Ó jọ pé kò sẹ́ni tó ti dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu rí láti ọjọ́ tó ti ń kọrin. Agbábọ́ọ̀lù kan náà wà tí fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri ilé ọ̀pọ̀ èèyàn l'Ádó. Ìyá rẹ̀ ló pè. Gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ta rẹ̀ ló fi ń sọ pé, "Ẹ̀n-ẹ́n, màámi. Ẹ̀n-ẹ́n." Mo fẹ́ràn ìyẹn. Òun nìkan ló dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Èyí tí n kì í sọ fún àlejò ni ti ọkùnrin tó ń ka ìròyìn.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ohùn ọkùnrin yẹn nígbà náà. Láti Ìbàdàn ló ti ń ka ìròyìn lédè Yorùbá lórí rédíò, bó bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀nba èèyàn ló ń mí nílé wa. Tíṣà ṣọ́ọ̀ṣì tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi, kì í sì í dákẹ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó máa ń dákẹ́ fún ọkùnrin yìí. Ó ní bí èèyàn bá fẹ́ mọ bí Yorùbá ṣe yẹ kó máa jáde lẹ́nu ọmọlúwàbí, kó lọ jókòó ti rédíò. Àwa ará Èkìtì, bí a bá ti la ẹnu, ará ibòmíràn ti mọ ibi tí a ti wá. Bàbá mi gbà pé ọkùnrin yẹn ò ní ìlú kankan lẹ́nu, ó sì ń jowú rẹ̀ fún ìyẹn.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, tó jẹ́ Ọjọ́bọ̀, nínú oṣù tí òjò máa ń rọ̀ lójoojúmọ́, obìnrin tíṣà kan ti dé láti Ìyìn ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ó tó ẹni ogójì ọdún, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ irú aṣọ tí èèyàn máa ń wọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì gbé ẹ̀pà díẹ̀ dání nínú bébà. Èmi ló bá ní kántà. Ó yọ lẹ́tà kan jáde kó lè ka nọ́ńbà fún mi, ó sì ṣàlàyé ju bí mo ṣe béèrè lọ, bí ẹni tó ti ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ nínú ọkàn láti ilé.

Ọkọ rẹ̀ wà ní ọsibítù kan ní Ìbàdàn láti oṣù méjì. Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ọjọ́ kejì, ìyẹn àárọ̀ Ẹtì. Ẹ̀rù ń bà á. Ó kọ̀wé sílé pé bí òun bá lè gbọ́ ohùn ìyàwó òun kí wọ́n tó gbé òun wọlé, ọkàn òun á balẹ̀. Obìnrin náà ò lè lọ, torí ọmọ mẹ́rin ló wà nílé, èyí tó kéré jù sì ń ṣàìsàn. Nọ́ọ̀sì kan ló ṣàánú wọn. Ó ní ní aago méjì ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, òun á mú ọkùnrin náà wá sí yàrá àwọn nọ́ọ̀sì, níbi tí tẹlifóònù wà, kí obìnrin náà ṣáà pè.

"Aago méjì ni wọ́n á gbé e wá," ó tún un sọ fún mi. "Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí, ẹ bá mi ṣe é. Kò sí ugbà mìíràn mọ́."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé aago méjì, mo fi pẹ́ńsù pupa sàmì sí i. Ó fún mi ní ẹ̀pà rẹ̀. Mo jẹ ẹ́.

Gbogbo òwúrọ̀ ni wáyà ń lọ tó ń bọ̀. Obìnrin kan wà ní Àkúrẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi, a ti jọ ń bá ara wa sọ̀rọ̀ fún ọdún méjì láì rí ara wa rí. Ní nǹkan bí aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú, ó pè mí. Ó ní wáyà Ìbàdàn ti mọ́, ó ń gbé ohùn dáadáa, ṣùgbọ́n òjò ti ṣú biribiri lọ́dọ̀ àwọn, kí n tètè lo ohun tí mo bá fẹ́ lò. Mo dúpẹ́. Mo nawọ́ sí obìnrin Ìyìn pé kó múra. Ó dìde, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, bí ẹni pé ọkọ rẹ̀ á rí i.

Ìgbà yẹn ni ọkùnrin kan wọlé tó wọ sàfárì aláwọ̀ eérú, ó sì kí gbogbo ilé. "Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi."

Kò sẹ́ni tó mọ ojú rẹ̀, àmọ́ gbogbo orí ló yí padà. Bàbá àgbà kan tó ti ń tòògbé lórí bẹ́ńṣì láti àárọ̀ dìde dúró. Ẹnì kan ní, "Òun ni." Èmi, mo bọ́ ẹ̀rọ tó wà létí mi, ohun tí n kò gbọ́dọ̀ ṣe.

Ó wá síwájú kántà, ó ń làágùn. Ó ní òun bá àwọn èèyàn ìjọba wá ṣí ẹ̀rọ omi ní abúlé kan lẹ́yìn Ìgèdè, pé ó yẹ kí ìròyìn náà dé Ìbàdàn kí ó tó di aago méjì ààbọ̀, kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ fún ti ìrọ̀lẹ́. Ṣé mo lè ràn án lọ́wọ́? Mo sọ fún un pé wáyà kan ṣoṣo ló wà, obìnrin yìí ló sì kàn. Mo sọ ọ́ bó ṣe yẹ kí n sọ ọ́. Kò bá mi jà. Ó yíjú sí obìnrin náà, ó tẹ orí ba, ó ní, "Ẹ má bínú, ìyá mi. N ó dúró."

Bóyá ká ní ó bínú ni, ì bá sàn. Ẹni tó bá mọ àwa ará ibí yìí mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí àlejò tó níyì bá ní òun á dúró lẹ́yìn wa. Ara kì í gbà á. Obìnrin náà wo aago. Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣáájú," ó sọ fún mi. "Àlejò wa ni. Uṣẹ́ ìlú ni wọ́n ń ṣe. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ò ní mú kí aago méjì mi ó kọjá."

Òótọ́ ni. Mo ṣe ìṣirò náà lójú ẹsẹ̀. Bí ọkùnrin náà bá lo ìṣẹ́jú mẹ́ta, n ó ti so ọsibítù pọ̀ kí aago méjì tó lù, ọkọ rẹ̀ ò tiẹ̀ ní tíì jókòó. Àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì ń yìn ín pé ó káre. Ọkùnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọ inú àgọ́. Ó gbà mí ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí Àkúrẹ́ tó rí ilé iṣẹ́ rédíò fún mi. Nígbà tí ẹni tó wà ní Ìbàdàn fi máa dáhùn, aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

A kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ oníbàárà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti jí ti àwọn kan gbọ́. A máa ń yẹ̀ ẹ́ wò ni, bóyá wọ́n ń gbọ́ ara wọn, a ó sì jáde. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò jáde. Ó ń ka ìròyìn náà díẹ̀díẹ̀ kí ẹni tó wà lọ́hùn-ún lè máa kọ ọ́, ohùn tí bàbá mi ń dákẹ́ fún sì wà nínú etí mi, èmi nìkan, bí ẹni pé èmi ló ń kà á fún. Omi ẹ̀rọ ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Wọ́n ti gé ríbọ́ọ̀nù, omi ti yọ, àwọn ará abúlé ti jó. Mi ò gbọ́ ìròyìn kankan tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta pé. Mo rí aago. Ọwọ́ mi wà lára okùn. Mo sọ fún ara mi pé ó kù díẹ̀ kó parí, pé kò dára kí n gé ìròyìn sí méjì. Ó parí nígbà tó di ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ àwàdà. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn bi í léèrè bí Èkìtì ṣe rí, òun náà ní wọ́n ti fi iyán pa òun, pé àwo tí wọ́n gbé wá fún òun nìkan tó fún ilé kan. Ó rẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí lórí rédíò. Èmi náà rẹ́rìn-ín níbi tí mo jókòó sí, mo sì gbójú sókè, mo rí obìnrin Ìyìn tó ń wò mí láti ẹ̀yìn kántà. Nítorí pé mò ń rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín sí mi. Ó rò pé ìròyìn ayọ̀ ni.

Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló lò. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé tẹlifóònù sílẹ̀. Èmi tí mo ti yọ okùn mọ́ pásítọ̀ lẹ́nu, n kò yọ tirẹ̀.

Ó jáde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó bọ obìnrin náà lọ́wọ́, ó ní kí Ọlọ́run fún ọkọ rẹ̀ ní àlàáfíà, nítorí àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì ti sọ ohun tó gbé obìnrin náà wá fún un. Ó lọ. Mo pe Àkúrẹ́. Ẹnìkejì mi lọ́hùn-ún ní, "Òjò ti dé o. Kí lo ti ń ṣe láti ìgbà yí?" Mo bẹ̀ ẹ́ kó gbìyànjú. Ó gbìyànjú. Mo gbọ́ agogo tó ń dún ní ọsibítù lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnì kan gbé e. Ó ní, "Hẹ́lò?" Ohùn obìnrin ni. Mo ní kí obìnrin Ìyìn tètè wọ inú àgọ́, ó sáré wọlé, ó gbé tẹlifóònù, wáyà sì kú.

A gbìyànjú títí di aago mẹ́fà tí a fi tilẹ̀kùn. Ọ̀gá wa gan-an bọ́ sí ìdí pátákó náà. Obìnrin náà ò kúrò nínú àgọ́ títí di aago mẹ́ta ààbọ̀, ó gbé tẹlifóònù mọ́ etí, ó sì ń sọ fún wáyà tó ti kú pé, "Hẹ́lò, bàbá wa. Èmi rèé." Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kí wa pé a kú uṣẹ́, ó lọ wọ mọ́tò Ìyìn.

Nírọ̀lẹ́, bàbá mi ṣí rédíò. Wọ́n ka ìròyìn omi náà bí mo ṣe gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ kan ò yingin. Mo sọ fún un pé ọkùnrin tó máa ń dákẹ́ fún ló lọ mú un wá, pé mo rí i, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́. Inú bàbá mi dùn débi pé ó jáde lọ sọ fún ará ilé kejì. Èmi wọlé lọ sùn láì jẹun. Ó ti rẹ̀ mí, irú àárẹ̀ tí oorun kì í mú kúrò.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí obìnrin náà tó padà wá. Aṣọ dúdú ló wọ̀. Kò ní nọ́ńbà kankan láti pè, ó kàn wá dúpẹ́ lọ́wọ́ wa ni, torí pé ó lọ sí Ọjà Ọba, ó sì rò pé kò yẹ kí òun kọjá láì yà. Ọkọ rẹ̀ ò jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà.

Ó dúró síwájú kántà, ó sọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún un nígbà tó lọ gba òkú. Ó ní ọkùnrin náà ní kí wọ́n fá irùngbọ̀n òun lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifóònù láti aago méjì. Nígbà tí aago mẹ́ta kọjá, nọ́ọ̀sì ní kó padà sórí ibùsùn. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí òun dúró díẹ̀ sí i. Ó ní, "Ẹ ò mọ ìyàwó mi. Á ti ní kí ẹnì kan ṣáájú òun."

"Ó mọ̀ mí," obìnrin náà wí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá wò mí lójú. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ mọ uṣẹ́ yín. Kání mi ò yọ̀ǹda fún ọkùnrin yẹn, ṣé ǹ bá bá a sọ̀rọ̀?"

Ohun tó yẹ kí n sọ ò ju gbólóhùn kan lọ. Kí n sọ pé ohun tó yọ̀ǹda ò pa nǹkan kan lára, pé ìṣẹ́jú mẹ́ta ló yọ̀ǹda, èmi ni mo fi mẹ́fà kún un, nítorí pé ohùn ọkùnrin náà dùn mọ́ mi. Ọ̀gá wa jókòó lẹ́yìn mi. Àwọn èèyàn wà lórí bẹ́ńṣì. Mo ń bẹ̀rù iṣẹ́ mi, mo sì ń bẹ̀rù ojú obìnrin náà ju iṣẹ́ lọ.

"Òjò ni, mà," mo wí.

"Mo mọ̀ pé òjò ni. Ṣùgbọ́n kání èmi ni mo kọ́kọ́ wọlé ńkọ́?"

Mo gbé okùn kan, mo kì í bọ inú ihò. Ó ka ìyẹn sí ìdáhùn, ó mi orí. Ó ní ó dáa. Ó ní òun ti ń rò ó bẹ́ẹ̀ náà.

N kò rí i mọ́ fún bí ọdún kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wà ní Fájuyì, mò ń dúró de mọ́tò Ìfàkì, mo sì rí i níbi tí àwọn èrò Ìyìn ti ń wọkọ̀. Àyè kan ṣoṣo ló kù nínú bọ́ọ̀sì. Bàbá arúgbó kan tó fi báńdéèjì di ẹsẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, dẹ́rẹ́bà sì ń bẹ obìnrin náà pé kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí bàbá ṣáájú, òmíràn ń bọ̀ láìpẹ́. Ó ní rárá. Kò pariwo. Ó ní òun ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, òun ò sì ní í yọ̀ǹda fún ẹnikẹ́ni láyé òun mọ́. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti bàbá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wọlé.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Wọ́n ní irú obìnrin wo nìyí, wọ́n ní ó dájú pé kò ní bàbá nílé. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo lè sọ fún wọn, èmi nìkan ló sì ní i nínú gbogbo èèyàn tó wà ní Fájuyì. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì mi títí bọ́ọ̀sì náà fi lọ, lẹ́yìn náà mo lọ bá bàbá arúgbó náà wá ibi tó máa jókòó sí.